Ọ̀rọ̀ tí Tobias Sọ ní Àárín Pápá

"Ta ló bọ́ mi ní bàtà?"

Emmett Gault ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ẹrẹ̀ pápá ṣì wà lára ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

"Èmi ni," Tobias Rask dá a lóhùn. Yàrá kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ẹ ni."

"Àwa la borí, àbí?"

Tobias wo ojú rẹ̀ dáadáa. Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò lórí pápá ni Emmett ti ń béèrè ohun kan náà léraléra.

"Àwa la borí. Ìwọ gan-an lo gbé bọ́ọ̀lù wọlé."

Emmett rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa, Walter."

Walter ni àbúrò Emmett tí ibà ti pa.

Ìgbà tí ewé ń wọ́ ní ọdún 1908 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní Pell Ridge, ìlú wa ní ìpínlẹ̀ Iowa, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà níbẹ̀ kéré débi pé ọmọkùnrin méjìlá péré ló rí kó jọ fún bọ́ọ̀lù, mọ́kànlá sì ni wọ́n ń kó wọ pápá. Bọ́ọ̀lù tiwa, àyà ni wọ́n ń gbé e mọ́ sáré, gbogbo ara sì ni àwọn alátakò fi ń kọlu ẹni tó bá gbé e. Fìlà awọ wà tí wọ́n lè dé sórí, àmọ́ wọ́n á fi ẹni tó bá dé e ṣe yẹ̀yẹ́ títí á fi bọ́ ọ.

Ìdíje àkọ́kọ́ ọdún náà, wọ́n fìyà jẹ àwọn ọmọ wa débi pé onígbàjámọ̀ ìlú ní kí wọ́n lọ máa fi bèbí ṣeré. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ọ̀gá Pruitt, tó ń kọ́ wọn ní Látìn àti bọ́ọ̀lù pọ̀, fi Emmett ṣe balógun. Bí Emmett bá gbé bọ́ọ̀lù, Tobias, ọmọ àgbẹ̀ tó lágbára bí akọ màlúù, ló máa ń la ọ̀nà fún un. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò borí wọn mọ́. Ó wá ku Wendell, kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà lódìkejì odò, tí Pell Ridge ò tíì borí rí láyé. Ọjọ́ Ìdúpẹ́, ọjọ́ ọdún tó máa ń bọ́ sí ìparí oṣù kọkànlá, ni wọ́n máa pàdé.

"Emmett, jẹ́ ká lọ rí Dókítà Amsel," Tobias bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì tó béèrè ọ̀rọ̀ bàtà yẹn. "Orí ẹ tí wọ́n fi orúnkún gbá lánàá Sátidé yẹn ò dáa."

"Ẹ̀fọ́rí lásán ni, jàre."

"Walter lo pè mí lánàá."

Ohùn Emmett rọlẹ̀. "Toby, bàbá mi ń bọ̀. Láti ìgbà tí Walter ti kú, kò jáde lọ síbi kankan ju ibi òkúta tó ń fọ́ lọ. Ó ní òun máa wọ ọkọ̀ ojú irin wá wò mí bí mo ṣe máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Ìdúpẹ́. Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnì kankan. Bó o bá jẹ́ ọ̀rẹ́ mi."

Tobias ò sọ. Ó ń wò ó bó ṣe ń da iyọ̀ sínú kọfí, ó ń wò ó bó ṣe ń di ògiri mú sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, kò sọ.

Ọjọ́ Ìdúpẹ́ pé, òtútù mú, gbogbo ìlú dúró yí pápá ká. Bàbá Emmett wà níwájú, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìgbà tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò pẹ́ tí eré bẹ̀rẹ̀ ni ẹnì kan nínú àwọn ọmọ wa fi èjìká ṣẹ́, wọ́n sì fi ẹni kejìlá rọ́pò rẹ̀. Kò tún ku ẹnì kankan níta. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ méjèèjì ò tíì rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ ara wọn.

Ní abala kejì, bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Emmett. Tobias la ọ̀nà fún un, ọ̀nà sì ṣí gbayawu. Ó bojú wẹ̀yìn. Emmett dúró sójú kan, ó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ra, ó ń wò káàkiri bí ọmọ tó sọ nù lọ́jà. Wọ́n gbá a lulẹ̀. Ó dìde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

"Walter," ó ní, "ilé dà?"

Tobias sáré lọ bá rẹfirí. "Ẹ dá eré dúró, sà. Ẹ mú balógun wa jáde. Orí rẹ̀ ò pé."

"Irọ́ ló ń pa!" Emmett ké. "Tobias, ọ̀dàlẹ̀ ni ẹ́! Mi ò ní bá ẹ sọ̀rọ̀ mọ́ láyé mi!"

Ọ̀gá Pruitt sáré wọlé. "Rask, o mọ̀ pé a ò ní ẹlòmíì? Tó bá jáde, kò lè padà mọ́."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ bi í pé oṣù wo la wà."

Ọ̀gá Pruitt bi í. Emmett la ẹnu, kò rí nǹkan kan sọ. Wọ́n mú un jáde. Mẹ́wàá ló kù, Wendell sì tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ pátápátá.

Nínú yàrá dókítà, Dókítà Amsel wo ojú Emmett pẹ̀lú àtùpà. "Ká ní wọ́n tún gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i ni, òkú rẹ̀ lẹ̀ bá gbé wá. Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Láti Sátidé, sà," Tobias dáhùn.

"Sátidé! Ká ní ó ti sinmi láti Sátidé, ojú rẹ̀ ì bá má bàjẹ́ tó báyìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Tobias lára ju gbogbo èébú tí wọ́n bú u lọ. Èébú náà ò sì kéré. Nílé oúnjẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ibi tó bá jókòó sí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù á ti dìde. "Ṣé o ti jẹ owó Wendell yó?" ni wọ́n máa ń bi í.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá Emmett ń mú ọmọ rẹ̀ padà lọ sílé, ó wá sí ilé oúnjẹ náà, ó sì jókòó ti Tobias níṣojú gbogbo wọn.

"Ẹ má bínú, sà," Tobias ní. "Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ ṣáájú."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Àmọ́ ọmọ méjì ni mo bí. Ọ̀kan ṣẹ́ kù fún mi, ìwọ lo jẹ́ kó ṣẹ́ kù." Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó le bí òkúta lé e léjìká, kò tètè gbé e kúrò. Kò sẹ́ni tó tún dìde nídìí tábìlì náà.

Lẹ́yìn Kérésìmesì ni Emmett padà wá. Kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́, bó bá sì kàwé díẹ̀, ìlà ìwé á di méjì lójú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ju ìwé Látìn sórí ẹsẹ̀ Tobias.

"Kà á sí mi létí."

"Ṣé inú ẹ ti yọ́ sí mi?"

"Mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Inú ṣì ń bí mi sí ẹ. Àmọ́ ìdánwò ò ní dúró dè mí. Kà á."

Tobias kà á. Ó kà á fún un títí òjò dídì fi yọ́ tán, àwọn méjèèjì sì yege. Ohun tó kọ́ lọ́dún yẹn kò sí nínú ìwé náà: ẹni tó bá fẹ́ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bá a fi ohun tó lè pa á ṣe àṣírí, kódà bí ọ̀rẹ́ náà bá ń bẹ̀ ẹ́, kódà bí gbogbo ìlú bá máa kórìíra rẹ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ tán kó tó la ẹnu.