Ìyẹ̀fun Funfun Abẹ́ Ààrò Rhoda

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ gbígbẹ ò lè mọ̀ pé iyẹ̀pẹ̀ lè wọ́n èèyàn. Níbi tí èmi Rhoda ń gbé ní Molutehin, orí òpó ni ilé wa dúró sí, pákó la fi tẹ́ inú rẹ̀, omi ló wà lábẹ́. Kí a tó dáná ẹja yíyan, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́ nǹkan sórí pákó, kí iná má baà jó ilé mọ́ wa lórí.

Amọ̀ ni àwọn ìyá wa ń lò. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ la fi ń lọ wà á, ó jìnnà, ó sì wúwo. Ẹ̀yìn mi ò gbé e mọ́.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn lọ́jọ́ tí Kingsley, ọmọ àbúrò ọkọ mi, gbé àpò kan wá. Kingsley ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì fún ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ní ẹ̀ka káàkiri ayé. Wọ́n ń wa iyanrìn funfun ní agbègbè wa, wọ́n ń lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n sì ń tà á fún àwọn tó ń ṣe gíláàsì, ọ̀dà àti táìlì.

“Màmá, àpò yìí ya nínú ọkọ̀,” ó ní. “Ẹ fi tẹ́ ààrò yín.”

Áà, mo ṣàdúrà fún un títí ó fi ní ó ti tó! Ìyẹ̀fun náà funfun báláú, ó kúnná bí pọ́dà ọmọdé. Mo da gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ààrò. Àwọn obìnrin àdúgbò wá wò ó, wọ́n ń jowú mi.

Ìgbà náà ni ọmọ mi, Ìtẹ́olúwakìṣí, ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọkùnrin, Ọpẹ́fólúwa. Nínú ilé wa, ìdí iná ẹja ni ìyá ọmọ máa ń jókòó sí láàárọ̀, kí ara òun àti ọmọ lè móoru. Mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ iná, inú mi ń dùn. Bí mo bá ti fẹ́ ẹ, nǹkan funfun á gbéra nílẹ̀, á bo gbogbo wa.

Kò pẹ́, Ìtẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ọmọ náà ń sín ṣáá, àyà rẹ̀ sì ń dún fíìn-fíìn.

“Màámi, ẹ wo bó ṣe ń mí,” Ìtẹ́ wí.

“Èéfín lásán ni,” mo dá a lóhùn. “Èéfín kan náà la fi tọ́ ìwọ.” Mo fi àdín ra àyà ọmọ, mo tún fẹ́ iná.

Àfi bí Ìsìmáílà ṣe dé láti Etikan láti wá ra ẹja. Ọmọ Láídì oníbàárà mi ni, ibi tí wọ́n ti ń lọ iyanrìn nílé iṣẹ́ yẹn ló ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà, kò wọlé.

“Màmá, kí lẹ tẹ́ sábẹ́ iná yẹn?”

“Ṣé ó wù ẹ́?” Mo ń yangàn.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọmọ yẹn jáde! Ẹ tètè!”

Inú bí mi. “Ìsìmáílà, ìwọ tí mo ti ń fún lẹ́ja jẹ kó o tó hu eyín, ìwọ ló wá ń pàṣẹ fún mi nílé ìdáná mi?” Ṣùgbọ́n Ìtẹ́ ti gbé ọmọ rẹ̀, ó ti wà lórí afárá pákó níta.

Èmi náà bá jáde, mo ń kùn. Ìsìmáílà dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ má bínú, Màmá. Iyanrìn wa náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ̀ ọ́ débi pé ó ń fò bí èéfín. Tó bá gba imú wọlé, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ jókòó sí. Tó bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró á le, kò ní lè fẹ̀ dáadáa mọ́. Kò sì sí oògùn tó lè fọ̀ ọ́ kúrò.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀?”

“Ìbòmú gidi là ń lò, kì í ṣe aṣọ lásán. A sì máa ń fi omi rin ín kó má baà fò. Nínú gíláàsì, ó dáa. Nínú ọ̀dà, ó dáa. Inú èèyàn ni kò gbọdọ̀ dé.”

Ọmọ-ọmọ mi! Abẹ̀bẹ̀ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo sáré lọ mú ìgbálẹ̀.

“Ẹ má gbá a o! Ẹ máa tún gbé e dìde ni. Ẹ má sì dà á sómi. Ẹ jẹ́ kí iná kú, kẹ́ ẹ tilẹ̀kùn.”

Ó pe ilé iṣẹ́ lórí fóònù. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wọn ti dé pẹ̀lú ìbòmú. Wọ́n wọ́n omi sí i, wọ́n fi ṣọ́bìrì kó o sínú ọ̀rá tó nípọn, wọ́n gbé e lọ. Ẹ̀rù ba Kingsley pé wọ́n á lé òun lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá wọn ní àwọn ló yẹ kó ti kìlọ̀ fáwọn awakọ̀ tipẹ́, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, torí wọn ò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀.

Èmi àti Ìtẹ́ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn ní Igbókòdá. Dókítà fetí sí àyà rẹ̀ fínnífínní. Mo tẹjú mọ́ ọn títí ó fi gbójú sókè.

“Ẹ dúpẹ́, Màmá. Ẹ ti tètè gbé e kúrò níbẹ̀, kò tíì pọ̀ nínú rẹ̀. A ó máa yẹ̀ ẹ́ wò, òun àti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ máa mọ́. Èéfín náà ò sì dáa fún ọmọ tuntun o. Aṣọ ni kẹ́ ẹ máa fi mú un móoru.”

Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún Ìsìmáílà nígbà tí mo tún rí i. Ńṣe ló sá! Ẹja tó tóbi jù nínú apẹ̀rẹ̀ mi ni mo gbé sáré tẹ̀lé e.

Àwọn obìnrin tó jowú mi yẹn ló gbé ọkọ̀ lọ wa amọ̀ wá fún mi, wọ́n sì bá mi tẹ́ ẹ. Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn.

Ẹ̀yin ará wa létí omi, láti Ode Mahin dé Etikan, ẹ gbọ́. Nǹkan tó bá ti ilé iṣẹ́ jáde, ìbáà jẹ́ ìyẹ̀fun, àpò tàbí dúrọ́ọ̀mù, ẹ bèèrè ohun tó jẹ́ kó tó wọlé yín. Ẹ má gbọn àpò rẹ̀, ẹ má sì sá ẹja tàbí edé sórí ẹ̀. Tó bá ti dà sílẹ̀, ẹ kó ọmọdé jáde, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ kàn án, kẹ́ ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ni ín. Ẹni tó bá ń húkọ́ tí ikọ́ náà ò lọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sọ ohun tó fà símú fún dókítà. Ẹ má ṣe bíi tèmi tí mo ń pè é ní èéfín lásán.

Ọpẹ́fólúwa ti ń rá báyìí. Tó bá ké, àyà rẹ̀ kì í dún fíìn-fíìn mọ́, wọ́n ń gbọ́ ọ lódìkejì odò, ìyá rẹ̀ á sì ní kí n rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo máa ń ní kó jẹ́ kí n gbọ́ ọ díẹ̀ sí i.