Òkúta Iwájú Ilé Fulera

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, tí wọ́n sì ti wa iṣu tán, ẹni tó bá gba abúlé Òkè-Àpáta kọjá yóò rò pé ẹní funfun ni wọ́n tẹ́ sójú títì. Gbodo ni. Iṣu tí àwọn obìnrin bó, tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n wá sá sóòrùn kí ó gbẹ, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ di èlùbọ́.

Tẹ́lẹ̀, orí àpáta ẹ̀yìn abúlé ni wọ́n ti ń sá a. Àpáta náà tẹ́jú, ó sì mọ́, àmọ́ ó jìnnà díẹ̀, òkè sì ni èèyàn yóò gùn dé ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba Kwara da ọ̀dà sí títì, ní bí ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún, àwọn obìnrin rí i pé ọ̀dà gbóná ju àpáta lọ. Gbodo tí ń lo ọjọ́ mẹ́fà lórí àpáta, ọjọ́ mẹ́rin péré ló ń lò lórí títì. Ta ni yóò tún ru iṣu gun òkè?

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín títì bí ẹni pín oko. Ojúlé kọ̀ọ̀kan ló ni iwájú ara rẹ̀. Èyí tó wà lápá ọ̀tún dí ọ̀tún, èyí tó kọjú sí i dí òsì, àárín tó kù ni ọkọ̀ ń fún ara rẹ̀ gbà kọjá.

Fulera, ìyàwó Ràímì, ni tirẹ̀ pọ̀ jù. Òun kì í sá gbodo lásán. Yóò fi òkúta ńláńlá yí i ká, yóò sì yí ìtì igi emi kan dí apá ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀. Lójú tirẹ̀, oore ló ń ṣe fún àwọn ọlọ́kọ̀. Bí awakọ̀ bá rí igi, ṣebí yóò yà.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó sùn. Ignatius Ọlágúnjú ni, àgbàlagbà tó ti ṣe fọ́máànù fún àwọn tí ń la títì kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró ti Fulera níbi tó ti ń to òkúta.

"Fulera, o kú iṣẹ́ o."

Fulera kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ káàárọ̀."

"Ọ̀rọ̀ wa àná náà ni mo tún bá wá. Ìdajì títì lo gbà yìí."

"Bàbá, kò sí ilé tó kọjú sí tiwa. Ìdajì kejì kò ṣí sílẹ̀ fún wọn ni?"

"Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé ńkọ́?"

"Ọ̀kan á dúró de èkejì. Ṣebí ojú wà lórí wọn."

Ignatius mi orí. Fulera rí i pé bàbá kò fẹ́ lọ, ó wá sọ èyí tó wà níkùn rẹ̀ gan-an.

"Ẹ má bínú o, Bàbá. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn, oko ẹ̀gúsí bàbá ọkọ mi ni. Katakata ìjọba ló wá wú u, kò sẹ́ni tó ní ká pẹ̀lẹ́. Bí wọn kò bá dá ilẹ̀ padà fún wa, ṣé a kò tún ní lè sá iṣu lórí rẹ̀ ni?"

"Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wú u," ni Ignatius wí. "Ó dùn mí fún yín, mi ò parọ́. Ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ lè kọ̀wé sí ìjọba, ó lè gba ilé ẹjọ́ lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí títì ti di ti gbogbo ayé, kò tún sí ẹni tó lè sọ pé tòun ni. Òfin wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fi ohunkóhun dí ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà, tàbí tó gbé ohun tó lè ṣe èèyàn léṣe síbẹ̀, ó ti jẹ̀bi nìyẹn. Wọ́n lè bu owó ìtanràn lé e, wọ́n sì lè fi í sẹ́wọ̀n. Òfin kò ní béèrè bóyá iwájú ilé rẹ̀ ni."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Ẹ̀yin náà mọ irú "mo ti gbọ́" bẹ́ẹ̀. Bàbá kò tí ì wọlé tán tí Fulera fi tún òkúta kan tì sí i.

Ọjọ́ kẹta sí i ni Ràímì gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí Bàbáńlá láti wo Salaudeen, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ara rẹ̀ kò yá. Kí ó tó lọ, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun kò ní pẹ́.

"Bí mo bá ti kírun àsùbáà lọ́la, mo ti gbéra. Ebè tó kù yẹn kò gbọdọ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Àgbẹ̀ gidi ni Ràímì. Bí ó bá ń kọ ebè, àwọn ọ̀dọ́ a máa wá wò ó. Gbogbo iṣu tó ń di gbodo lójú títì yẹn, ọwọ́ rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti wá.

Nírọ̀lẹ́, Fulera kó gbodo rẹ̀ wọlé nítorí ìrì. Òkúta àti ìtì igi, ó fi wọ́n síbẹ̀. Kí ló fẹ́ kó wọn kúrò fún, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni yóò tún sá a sí lọ́la?

Ọyẹ́ tó mú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kò ṣeé fẹnu sọ. Kùrukùru bo abúlé débi pé èèyàn kò rí ìloro ẹnì kejì. Fulera ní kí oòrùn yọ ná kí òun tó sá nǹkan, ó gbé ìkòkò, ó lọ sódò.

Ibẹ̀ ló wà tí Caroline, aládùúgbò rẹ̀, fi ń tiro bọ̀, garawa lórí.

"Ìyá Àyìsátù, igi yín yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí," ni Caroline wí, ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún. "Mi ò rí i rárá. Àfi ìgbà tí mo fi orúnkún gbá a."

Fulera rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò débi kankan tó fi kú sí i lẹ́nu. Caroline ń fẹsẹ̀ rìn, orúnkún ló fi gbà á. Ẹni tó bá wà lórí alùpùpù ńkọ́?

"Wọ́n ti kírun àsùbáà tipẹ́," ni ó sọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó fi ìkòkò sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ọ̀nà odò tí kì í tó nǹkan di ọ̀nà Ìlọrin lójú rẹ̀. Gèlè bọ́, ó ká a mọ́wọ́. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé bóyá Salaudeen ní kí àbúrò òun jẹun kó tó lọ, bóyá táyà jò. Obìnrin tí ń gbàdúrà kí táyà ọkọ òun jò, ẹ̀rù ti bà á nìyẹn.

Nígbà náà ló gbọ́ ìró alùpùpù. Ó mọ̀ ọ́n. Páìpù rẹ̀ ti là, ó máa ń wúkọ́ bó bá ti kan òkè abúlé.

"Bàbá Àyìsátù," ni Fulera pariwo. "Ẹ dúró o. Ẹ dúró níbẹ̀."

Alùpùpù wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó wá dún gbì. Lẹ́yìn náà, kò sí ìró mọ́.

Nígbà tó dé ojú títì, Ràímì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtì igi emi, alùpùpù lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Egungun ti yọ síta, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn lórí ọ̀dà. Ọwọ́ ọ̀tún tí ìjọba ní kí ó gbà náà ló gbà. Ọwọ́ ọ̀tún náà ni iwájú ilé rẹ̀ wà.

Ignatius ti sáré jáde. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó gba gèlè ọwọ́ Fulera, ó fi di itan Ràímì le, ó sì ní kí wọ́n pe Lawrence tó ní ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù. Wọ́n gbé Ràímì sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n dorí kọ ilé ìwòsàn Ọ̀mù-Àrán. Fulera gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan, Ignatius di ẹsẹ̀ mú.

Ọkọ̀ kò tíì rìn jìnnà tí Lawrence fi tẹ bíréèkì.

"Òkúta wà níwájú," ni ó wí. "Mi ò mọ ibi tó parí sí. Bí mo bá yà nínú kùrukùru yìí, mo lè bá ara mi nínú kòtò."

Ọwọ́ Ignatius kò ṣeé gbé kúrò lára ẹsẹ̀ náà. Fulera ló bọ́ sílẹ̀. Òkúta ilé Caroline ni. Ó yí wọn dà sínú igbó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gun ọkọ̀. Ojúlé mẹ́ta sí i, Lawrence tún dúró. Fulera tún bọ́ sílẹ̀. Òkúta ló tún wà níbẹ̀, òkúta ló wà níwájú wọn títí dé ìpẹ̀kun abúlé. Èékánná rẹ̀ fà ya.

"Fulera, ó ku mélòó?" ni Ràímì béèrè nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gun ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin.

"Ó ti fẹ́ tán, olówó orí mi."

Nígbà tí Fulera gun ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kẹjọ, Ràímì kò béèrè nǹkan kan mọ́. Fulera gbé etí sí i láyà bóyá ó ṣì ń mí. Ó ń mí, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Ignatius wo iwájú, ó ń sọ pé "Lawrence, máa lọ, máa lọ," gèlè tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì ti rin gbingbin fún ẹ̀jẹ̀.

Dókítà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó sọ fún Fulera pé ọkọ rẹ̀ kò ní kú.

"Ẹsẹ̀ náà ni mi ò lè ṣèlérí. Ẹ̀jẹ̀ tó ti dà pọ̀ jù. Ká ní ẹ tètè dé ni."

Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Fulera jókòó sílẹ̀, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Lọ́jọ́ kẹta, ọlọ́pàá kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fẹ́ mọ ẹni tó gbé igi sójú títì. Ràímì kọjú sí ògiri.

"Ọ̀gá, kùrukùru pọ̀. Mi ò mọ ẹni tó ni ín."

Fulera mọ̀ pé òun ni ó ń bò. Bí òun bá panu mọ́, ọ̀rọ̀ náà lè tán síbẹ̀. Ó dìde dúró.

"Èmi ni mo ni ín. Èmi ni mo to gbogbo rẹ̀. Bàbá kan kìlọ̀ fún mi, mo ní mo gbọ́."

Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tí adájọ́ ní kí ó sọ tẹnu rẹ̀, kò mẹ́nu ba oko ẹ̀gúsí rárá. Wọ́n bu owó ìtanràn lé e, wọ́n sì kìlọ̀ pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Kí ó tó padà délé, àwọn ará Òkè-Àpáta ti palẹ̀ títì mọ́ fúnra wọn, àwọn obìnrin sì ti padà sórí àpáta.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó tẹ̀ lé e, gbodo kún orí àpáta. Ràímì jókòó sáàárín rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń lé ewúrẹ́ fún gbogbo ilé. Wọn kò gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti kúrú, kò sì lè kọ ebè mọ́. Gbodo Fulera kò kún ẹní kan. Kò sí ẹni tó bá wọn kọ ebè tó kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ó lè máà jẹ́ gbodo ni tiyín. Ó lè jẹ́ yanrìn àti búlọ́ọ̀kù ilé tí ẹ ń kọ́, tàbí ìjókòó ìnáwó tí ẹ tò sójú ọ̀nà, tàbí ọkọ̀ tó bàjẹ́ tí awakọ̀ rẹ̀ tún ṣe tán tó fi òkúta tó fi ti táyà sílẹ̀ sójú ọ̀nà tó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ lójú òfin. Bí ẹnì kan bá dí títì, ẹ kìlọ̀ fún un. Bí kò bá gbọ́, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ yín, ọ̀nà ẹ̀tọ́ wà tí ẹ lè gbà béèrè, òkúta kọ́.

Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó wà lórí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jáde lọ wo iwájú ilé yín báyìí. Ohun tó bá wà níbẹ̀, ẹ gbé e kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú.