Àníyàn Tó Tú Bíréèkì

Mọ́tò kékeré náà ti mọ́ tónítóní, epo wà nínú rẹ̀, ìyàwó oníbíréèkì, ọkùnrin tó ń tún bíréèkì mọ́tò ṣe, sì ti jókòó sídìí ọkọ̀. Ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wà lẹ́yìn, ó ń ka ìwé sókè fún ìdánwò rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù: oníbíréèkì fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ mọ́tò.

“Bàbá ẹ ti tún wọlẹ̀ bí òkété,” ni ìyàwó sọ fún ọmọ.

“Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan.”

“Ìṣẹ́jú kan tí ẹ gbà lẹ́ẹ̀kan ti bímọ.”

Ó ti yẹ bíréèkì yẹn wò nírọ̀lẹ́ àná, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó jí. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Síbẹ̀ àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì dà bíi pé ẹnì kan dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sọ pé: tún un wò.

Oṣù mẹ́rin rèé tó ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Bíréèkì oníbàárà rẹ̀ kan já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà sì kán. Ẹ̀bi oníbíréèkì kọ́. Ó ti sọ fún un pé rọ́bà tó ń gbé òróró bíréèkì ti gbó, oníbàárà ní òun á padà wá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni oorun ti sá lójú rẹ̀. Mọ́tò tó ti tún ṣe tán, á tún tú u. Onípánẹ́ẹ̀lì, tó ń tún ara mọ́tò tó tẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà kan náà, ti sọ ọ́ ní Ọ̀gá Tún-un-wò.

“Ọ̀gá Tún-un-wò, ṣé o ti yẹ ìyàwó ẹ náà wò láàárọ̀ yìí? Kí nọ́ọ̀tì ẹ̀ má lọ já o.”

Òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dé ikùn. Nígbà tí ìyàwó ní kó lọ rí dókítà, ó ní, “Kí n lọ sọ pé kí ni? Pé mò ń ṣọ́ra jù?”

Láàárọ̀ yìí, ó tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà nídìí táyà ẹ̀yìn, ó jẹ́ kí òróró díẹ̀ jáde láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Ó fi ìka yí i padà, ó fẹ́ fi sípánà dè é. Bó ṣe na ọwọ́ sí sípánà, ọkàn rẹ̀ sọ pé: iwájú ńkọ́? Ó sún lọ síwájú.

“Aago mẹ́jọ ni ìdánwò,” ni ìyàwó sọ. “Bí ẹ ò bá jáde, màá wa mọ́tò gba orí yín kọjá.”

Ó jáde. Wọ́n lọ.

Ó ń nu ọwọ́ lọ́wọ́ nígbà tó rí òróró tó kán sílẹ̀ níbi tí táyà ẹ̀yìn wà. Sípánà sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Fóònù ìyàwó dún lórí tábìlì nínú ilé. Ó bẹ́ sí ìta, ó ń sáré.

Nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ti bá wọn. Ìyàwó ti fa bíréèkì ọwọ́, ó sì ti darí mọ́tò lu òkìtì yanrìn àwọn bíríkìlà. Ká ní kò sí yanrìn, ogiri ló kàn. Ọwọ́ ọ̀tún ọmọ kán níbi méjì.

“Mo tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ mi sì wọlẹ̀ lọ,” ni ìyàwó ń sọ ṣáá. “Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”

Nílé ìwòsàn, bí wọ́n ṣe ń di ọwọ́ ọmọ, àyà bàbá há, èémí kò tó o mọ́, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó rò pé ikú ti dé. Nọ́ọ̀sì àgbà kan gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ọkàn rẹ̀ wò.

“Ọkàn yín kò ní àbùkù,” ni nọ́ọ̀sì sọ. “Ó dáa bí a ṣe kọ́kọ́ wò ó, torí àyà dídùn kì í ṣe ohun tí à ń dákẹ́ sí. Kí ló ń ṣe yín gan-an?”

“Ẹ̀rù ló ń bà mí láti oṣù mẹ́rin, mà.”

“Ẹ̀rù kí ni?”

Ó ronú títí. Kò rí i dárúkọ.

“Ẹ rí i? Ẹ̀rù máa ń ní ojú. Bí ajá bá lé yín, ẹ̀rù á bà yín. Bí ajá bá lọ, ẹ̀rù á lọ. Èyí tí ajá ti lọ láti oṣù mẹ́rin, tí ẹsẹ̀ yín ṣì ń sáré, àníyàn là ń pè é.”

“Ta ni kì í ṣàníyàn, nọ́ọ̀sì?” ni ìyàwó bi í. “Èmi náà ṣàníyàn ìdánwò ọmọ yìí.”

“Ìyẹn ò burú, ìyá. Òun ló jẹ́ kí ẹ jí ní kùtù. Ó di àìsàn nígbà tí kò bá lọ mọ́, tó ń gba oorun lójú èèyàn, tí kò sì jẹ́ kó lè ṣe iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà míì, a máa ń fi oògùn kún un.”

“Ṣé orí mi ló ń dàrú?” ni oníbíréèkì bèèrè.

“Bí bíréèkì mọ́tò bá ń han gooro, ṣé ẹ máa ní kí wọ́n gbé mọ́tò náà lọ sí àkìtàn?”

“Rárá, mà.”

“Bẹ́ẹ̀ náà ni tiyín. Títúnṣe ló fẹ́.”

Oníbíréèkì yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “Kò sí ohun tó ṣe bíréèkì yẹn. Èmi ni mo tú u, mi ò dè é padà.”

“Ẹ lọ fẹnu ara yín sọ fún un,” ni ìyàwó wí, ó nawọ́ sí ibi tí ọmọ wà.

Ó lọ, ó sọ ọ́. Ọmọ wo ọwọ́ tí wọ́n dì fún un. “Bàbá mi, ọwọ́ wo ni mo máa fi ṣe ìdánwò?”

Láti ọjọ́ náà, ó ń lọ rí olùtọ́jú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń yẹ mọ́tò wò báyìí. Onípánẹ́ẹ̀lì á bá a yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á fi ẹfun sàmì sí táyà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ tú u mọ́. Àwọn ọjọ́ kan ṣì wà tí ọwọ́ rẹ̀ ń yún un láti tún un tú. Onípánẹ́ẹ̀lì kò pè é ní Ọ̀gá Tún-un-wò mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó sún mọ́ ọn, ó ní, “Ilé ìwòsàn yẹn, ibo ló wà? Èmi náà kì í sùn.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí àyà yín bá ń lù láìsí ẹni tó ń lé yín, ẹ má pè é ní ìṣọ́ra. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ń ṣe, ẹ má fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹ lọ sọ ọ́ nílé ìwòsàn nígbà tí kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Oníbíréèkì kò fẹ́ kí bíréèkì já mọ́ láéláé, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi tú u. Títí di òní, ọwọ́ tí ọmọ rẹ̀ fi ń kọ̀wé kò nà tán.