Ọmọge Tó Ka Ìwé Wáráńtì Tán

Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ méjì nínú bàtà funfun, tó yọ jáde lábẹ́ mọ́tò aláwọ̀ ewé kan ní yáàdì tí wọ́n ti ń ta mọ́tò àlòkù ní Old Kent Road, nílùú òyìnbó, bí ẹni pé mọ́tò náà ń rọbí lọ́wọ́.

Nasrullah sáré débẹ̀ tòun ti ife tíì. "Sísítà! Ṣé kò sí o? Ṣé ẹ ṣubú ni?"

"Mi ò ṣubú," ohùn kan dáhùn nísàlẹ̀. "Mò ń wò ó bóyá ó ti dípẹtà ni."

Ọmọge náà rọra fa ara rẹ̀ jáde, ó gbọn hìjáàbù rẹ̀, ó gbójú sókè. Háà! Oòrùn tí ò yọ sí Old Kent Road láti oṣù mẹ́ta, ọjọ́ náà ló rántí ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì mẹ́fà dúró láìtẹ búréèkì. Tíì ọwọ́ Nasrullah dànù sórí bàtà rẹ̀, kò mọ̀, ó ṣì ń gbé ife òfìfo sẹ́nu.

Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ máa ń wọ́n lẹ́nu ẹ̀ o. Láti Peckham títí dé Bermondsey, kò sí ẹni tó mọ ọjà tà tó Nasrullah. Ó lè ta agbòòrùn fún ẹja, kí ẹja náà tún padà wá ra ti ìyàwó ẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ń tà á?"

"Èmi ni, Sísítà. Mọ́tò yìí, àlòkù ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àlòkù tí wọ́n ti yẹ̀ wò, tí wọ́n sì ti fọwọ́ sí ni. Tó bá lẹ́nu ni, àdúrà ni ì bá máa ṣe fún yín láàárọ̀. Ó tún ní wáráńtì ọdún méjì lórí. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́, wọ́n á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́."

"Ohunkóhun?"

"Ohunkóhun!"

"Búréèkì tó bá jẹ tán ńkọ́? Táyà ńkọ́? Jíà ńkọ́?"

"Sísítà, ohunkóhun ni mo wí."

"Ó dáa. Ẹ gbé ìwé ẹ̀ wá, ká jọ kà á."

Ìwé kẹ̀? Ọdún mẹ́rin tó ti ń ta mọ́tò, ẹnì kan ò béèrè ìwé yẹn rí. Òun fúnra ẹ̀ ò ṣí i wò rí. Abẹ́ páálí bisikíìtì ló ti wá a kàn, ojú ìwé mẹ́rìnlélógún, lẹ́tà inú ẹ̀ kéré débi pé èèrà gan-an á kọ́kọ́ wá awò ojú.

Sherifat lorúkọ ọmọge náà. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ló ń ṣe, láti ilé dé ilé, Brockley láàárọ̀, Bermondsey lọ́sàn-án. Lọ́dún tó kọjá, mọ́tò tí bàbá rẹ̀ bá a rà kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú títì, ìyá arúgbó kan sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì láìjẹ, láìmu, títí ọ̀sán fi pọ́n. Ọjọ́ yẹn ló ti búra pé òun ò ní ra mọ́tò tóun ò bá ka ìwé ẹ̀ tán.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kà á, nígbà tó bá ráyè láàárín iṣẹ́. Búréèkì? Kò sí níbẹ̀. Táyà? Kò sí. Jíà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ìwé kọkànlá ní lọ́dọọdún, mẹkáníìkì tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba gbọ́dọ̀ sáfíìsì mọ́tò náà, kó sì já rìsíìtì. Láìsí rìsíìtì, ìlérí ti wó.

Ojú ti Nasrullah. "Sísítà, mo parọ́ fún yín."

"Ẹ ò parọ́. Ẹ ò ka ìwé náà ni."

"Ṣé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀?"

"Ó wà. Òpùrọ́ ò ṣeé tún ṣe." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ra mọ́tò náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń wá sí yáàdì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ní òun wá yẹ afẹ́fẹ́ táyà wò. Wọ́n yẹ táyà yẹn wò títí ojú fi ń ti táyà. Nígbà tó fi máa tó oṣù kẹrin, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Sherifat ń pè é ní "Ẹlẹ́nu mi", Nasrullah náà ń pè é ní "Aláyẹ̀wò mi".

"Aláyẹ̀wò mi, ṣé o ti yẹ̀ mí wò tán?"

"Ó ṣì kù díẹ̀. Lẹ́tà tìẹ náà kéré."

Wọ́n fàdéhùn sí i pé lóṣù kẹtàlá, Nasrullah á wá kí bàbá Sherifat, Alhaji Làtíìfù, kó wá sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù kejìlá ni sáfíìsì mọ́tò bọ́ sí. Sherifat wà níbi iṣẹ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀ pé kó bá òun gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Bermondsey. Nígbà tó béèrè rìsíìtì, bàbá ní wọ́n á fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, jíà kọṣẹ́ láàárín Peckham. Ni Sherifat bá kọ̀wé sí àwọn oníwáráńtì. Wọ́n fèsì pé: kò sí rìsíìtì sáfíìsì, a ò lè tún un ṣe.

Alhaji Làtíìfù fò sókè. "Mo ní mo gbé e lọ! Ọmọkùnrin yẹn ló fi ìwé jìbìtì lé ẹ lọ́wọ́. Ẹni tó fi mọ́tò tàn ẹ́ jẹ, ilé wo lo fẹ́ bá irú ẹ̀ kọ́? Kó má tẹsẹ̀ bọ ọ̀dọ̀ mi!"

Sherifat pe Nasrullah. Ó dé kí fóònù tó kú. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì níwájú ilé wọn, bàbá dúró lápá ọ̀tún, ọmọ dúró lápá òsì. Nasrullah fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ló bá rí òwú aláwọ̀ ewé tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn.

Gbogbo ẹni tó ń ta mọ́tò ládùúgbò ló mọ òwú yẹn. Ajíbádé, mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ afárá rélùwéè ní Peckham, ló máa ń so ó mọ́ mọ́tò tó bá ti ṣe tán. Ajíbádé yìí sì ni ọ̀rẹ́ Alhaji láti ọgbọ̀n ọdún. Lójú Alhaji, mọ́tò tí Ajíbádé ò bá fọwọ́ kàn kì í ṣe mọ́tò. Àbí ta ní í gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́? Bí ìgbà téèyàn ní kí ìyá òun já rìsíìtì ọmú tóun mu ni.

Nasrullah gbójú sókè. Ojú òun àti ti Alhaji ṣe mẹ́rin. Bàbá sáré gbójú sílẹ̀.

Gbólóhùn kan péré ló kù kí Nasrullah gba ara ẹ̀ là. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa tú àgbàlagbà fó lójú ọmọ tó bí? Ó rọra tú òwú náà, ó fi í sápò.

"Kí lo rí?" Sherifat béèrè.

"Má bi mí, Aláyẹ̀wò mi. Mi ò lè sọ ọ́, mi ò sì fẹ́ parọ́ fún ẹ."

"Ìwọ tí o lè bá òkúta tàkúrọ̀sọ? O ò rí nǹkan kan bá mi sọ?" Omi lé sí i lójú. "Máa lọ."

Ó lọ. Ẹkún tó sun láti ibẹ̀ dé Old Kent Road, gbogbo àwọn tó ń fọ mọ́tò lójú ọ̀nà yẹn ì bá fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Alhaji ò fi lè jẹun. Ìrẹsì tí ìyàwó ẹ̀ sè, ó ń wò ó bí ẹni wo ìwé ilé ẹjọ́. Nígbà tó kírun Jímọ̀ dé, ó pe Sherifat jókòó.

"Ọmọ mi, mi ò gbé e dé Bermondsey. Ọ̀dọ̀ Ajíbádé ni mo gbé e lọ. Ọmọkùnrin yẹn rí i, ó sì bò mí láṣìírí. Mo bú u, kò bú mi padà."

"Dádì!" Sherifat ti ń wọ bàtà. "Ẹ dìde, a ń lọ!" Ojú ọ̀nà ló ti pe Nasrullah pé kó wá bá wọn lábẹ́ afárá.

Ajíbádé gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ju sípánà sílẹ̀. "Rìsíìtì? Làtíìfù, láti ọgbọ̀n ọdún, ìwọ ò bi mí ní rìsíìtì rí! Mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ọjọ́ tí mo ṣe é, irú ọ́ìlì tí mo dà sí i, gbogbo ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Mo rò pé bí mo bá já rìsíìtì fún ẹ, wàá ní mo sọ ẹ́ di àlejò."

"Èmi náà rò pé bí mo bá béèrè, wàá ní mo pè ẹ́ lólè."

Àwọn àgbà méjì wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ rìsíìtì jáde, Sherifat yà á ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́. Kí tíì tó tutù, àwọn oníwáráńtì ti ní àwọn máa tún jíà ṣe.

Alhaji yíjú sí Nasrullah. "Ọmọ mi, foríjì mí. Sọ fún àwọn èèyàn ẹ kí wọ́n wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú."

"Ta ló sọ fún yín pé mo ti gbà?" Sherifat káwọ́ lẹ́rán. "Kò tíì bi mí o."

Nasrullah sún mọ́ ọn. "Sherifat, yàrá kan ṣoṣo ni mo ní. Mo máa ń sọ àsọdùn, gbogbo ayé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, èyí ò ní àsọdùn kankan nínú. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni rélùwéè gba orí afárá kọjá, gbogbo ibẹ̀ ń mì tìtì. Ó rí i tí ètè Sherifat mì, kò gbọ́ nǹkan kan.

"Kí lo wí?"

Sherifat fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, ó pariwo: "MO NÍ MO GBÀ!"

Rélùwéè ti lọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló gba ọ̀rọ̀ náà, ó sì pín in kárí Peckham. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń dirun lọ́wọ́ jáde tòun ti ààbọ̀ orí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì fọn fèrè.

Alhaji nu ojú, ó di ọwọ́ àwọn méjèèjì mú. "Ẹ jẹ́ ká tètè délé, kí ìyá ẹ má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ará òde."

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi máa yọ sí àdúgbò wọn, ìyá Sherifat ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jó.