Nígbà Tí Onímú Kò Gbọ́ Òórùn Mọ́

Ọ̀dọ́bìnrin kan ti dijú pátápátá, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ń fa atẹ́gùn símú díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé iṣẹ́ awọ, nígbà tí ohùn ọkùnrin kan sọ pé, "Ẹ rọra o, ẹ má ṣubú."

Ó lajú. Ọkùnrin gíga kan dúró níwájú rẹ̀, awọ màlúù tútù wà léjìká rẹ̀, omi ń kán láti ara awọ náà sínú bàtà rọ́bà tó wọ̀. Ó fi ọwọ́ kejì gbé àga onígi dání. Ojú rẹ̀ fani mọ́ra, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn tó bá a dé, àfi kéèyàn sá.

"Mo rò pé òòyì ló ń kọ́ yín," ọkùnrin náà ní. "Ìyẹn ni mo ṣe gbé àga wá."

"Òòyì kọ́. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

"Ẹ kàn dúró tí ẹ ń mí, ẹ ní iṣẹ́ ni?"

"Mímí yẹn gan-an niṣẹ́ mi."

Òótọ́ ló sọ. Ìjọba ìbílẹ̀ ló gbà á síṣẹ́ pé kó máa fi imú ṣọ́ ìlú. Bí ará àdúgbò bá fẹjọ́ sùn pé ibì kan ń rùn, òun ni wọ́n máa ń rán. Kì í fi lọ́fínńdà para, kì í jẹ àlùbọ́sà lówùúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Àwọn ará ọ́fíìsì sọ ọ́ ní Onímú, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Òfin kan wà tí ọ̀gá wọn kì í fi ṣeré rárá: bó o bá dé ibi iṣẹ́, kọ́kọ́ gbọ́ òórùn kó o tó kí ẹnikẹ́ni. Imú kì í pẹ́ gba kámú. Tó bá ti wà nídìí òórùn kan fúngbà díẹ̀, á gbà pé kò sí mọ́.

"Ilé ìgbẹ̀bí tó wà lẹ́yìn yín ló fẹjọ́ sùn," ó sọ fún Aláwọ, nítorí bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é nìyẹn. "Àwọn abiyamọ ò lè ṣí fèrèsé. Tí ẹ ò bá wá nǹkan ṣe sí i, ìjọba máa ti ibí pa."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Aláwọ. Bàbá rẹ̀ ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, inú ọgbà yẹn ni wọ́n sì bí òun fúnra rẹ̀ sí.

"Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?"

Onímú ṣàlàyé fún un. Kí wọ́n bo àwọn kòtò omi ẹfun tí wọ́n ń rẹ awọ sí. Kí wọ́n máa kó ẹran tí wọ́n bá ha kúrò lára awọ dànù lójoojúmọ́, kó má jẹrà síta. "Màá máa padà wá wò ó," ó ní.

Ó sì ń padà wá lóòótọ́. Èmi ò mọ ẹlòmíì tí ìfẹ́ wọ̀ lọ́kàn níbi tó ń rùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Kó tó dé, Aláwọ á ti gbé àga sílẹ̀ dè é nínú ọgbà, nítòsí ibi tí wọ́n ń sá awọ sí. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn.

"Kí lo gbọ́ lára mi lónìí?" Aláwọ á bèèrè.

"Awọ màlúù, ẹfun, àti ìgbéraga."

"Ìgbéraga náà ń rùn?"

"Tìẹ ń rùn."

Ìgbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tán ni Onímú tó máa ń rántí iṣẹ́. Á wá dìde lọ síbi ògiri, á dijú, á fa imú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fa imú títí, kò gbọ́ nǹkan kan.

"Olólùfẹ́ mi, ó ti lọ!" ló kígbe. Kò tíì pè é bẹ́ẹ̀ rí, ojú sì ti àwọn méjèèjì.

"Tún un pè," Aláwọ ní.

Onímú lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ilé iṣẹ́ awọ kò rùn mọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni olórí àwọn agbẹ̀bí já wọ ọ́fíìsì wọn, inú ń bí i burúkú.

"Ta ló ní kò rùn mọ́? Kí ẹni náà wá jẹun lọ́dọ̀ wa ká wò ó!"

Ọ̀gá mú Onímú dání, wọ́n jọ lọ. Wọn ò tíì dé ògiri tí ọ̀gá ti fi aṣọ bo imú. Onímú náà fa imú. Ohun tó gbọ́ kò ju bíńtín lọ, bí òórùn ilé ara ẹni.

"Ìwọ ò gbọ́ èyí?" ọ̀gá bi í.

"Mo gbọ́ ọ díẹ̀, mà."

"Díẹ̀! Ṣé o máa ń bá wọn jókòó kó o tó gbọ́ òórùn ni?"

Ara Onímú bù máṣọ. Ó ya wọ inú ọgbà, ó bá Aláwọ nídìí kòtò.

"Ta ló ní kó o máa gbé àga fún mi?"

"Bàbá ni. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kó o máa dúró lóòró. Kí ló dé?"

Bàbá yọ jáde láàárín àwọn awọ tí wọ́n sá. "Èmi ni mo ní kó gbé e," ó ní. "Ẹni tó bá ti bá wa jókòó, kì í pẹ́ tí kò fi ní gbọ́ ọ mọ́. Bó ṣe rí fún ìyá ọmọ mi yìí náà nìyẹn nígbà tí mo fẹ́ ẹ."

"Bàbá! Ẹ ò sọ fún mi!" Aláwọ kígbe.

Orí Onímú dàrú. Ṣé Aláwọ mọ̀ ni, àbí kò mọ̀? Ìbéèrè mìíràn tún wà tó burú jùyẹn lọ. Tí imú tó fi ń jẹun bá lè tàn án báyìí, kí ló fi dá a lójú pé ọkàn rẹ̀ kò tàn án?

"Mi ò mọ̀ bóyá mo fẹ́ràn rẹ," ó sọ fún Aláwọ, omi ti lé ròrò sí i lójú, "àbí mo kàn ti jókòó tì ọ́ pẹ́ jù."

"Èmi náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ìyàtọ̀," Aláwọ ní. "Kí la máa wá ṣe?"

"Tí imú bá ti rí báyìí, ṣe lèèyàn ń kúrò níbẹ̀ títí á fi padà sípò."

"Títí dìgbà wo?"

"Mi ò mọ̀." Ó sì lọ.

Ó jẹ́wọ́ fún ọ̀gá pé òun ti ba iṣẹ́ náà jẹ́, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e fún ẹlòmíì. Wọ́n fi í sídìí fóònù, ó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ń pè. Ẹnu ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ìròyìn. Aláwọ ti kọ́ òrùlé bo gbogbo kòtò. Ó ti fi fáànù ńlá sí i tó ń fa atẹ́gùn ibẹ̀ lọ sábẹ́ òkìtì iyẹ̀pẹ̀ àti èérún igi, kí iyẹ̀pẹ̀ lè fa òórùn náà mu kó tó jáde. Bàbá kọ́kọ́ jà, lẹ́yìn náà ó bá wọn ru iyẹ̀pẹ̀. Àwọn abiyamọ ti ń ṣí fèrèsé.

"Ọkùnrin yẹn ò jẹ́ kí n jókòó o," ẹni náà sọ, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó ní kí n gbọ́ òórùn ná."

Onímú sunkún lọ́jọ́ yẹn, kò sì lè sọ ìdí ẹ̀. Lówùúrọ̀ á ní ìfẹ́ ni. Tó bá di ọ̀sán, á ní àṣà lásán ni. Oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lọ́fun, oorun sì dá lójú rẹ̀.

Ó wà nílé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Ìyá lọ ṣí i, ó sì fi ẹ̀yìn rìn padà sí pálọ̀.

"Yéè! Irú òórùn wo rèé?"

Aláwọ ni. Àtàárọ̀ ló ti ń ha awọ, kò wẹ̀, kò pààrọ̀ aṣọ.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. Ó yíjú sí Onímú. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ wá báyìí ni. Mo fẹ́ kó o gbọ́ gbogbo ẹ̀."

Onímú gbọ́ ọ. Ó gbọ́ awọ tútù, ẹfun, ọ̀rá àti òógùn, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó le débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ò ń rùn," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Ò ń rùn gan-an ni!"

"Ṣé kí n máa lọ?"

Onímú fẹ́ dáhùn, ló bá rí i pé òun ti dìde, òun ti rìn kọjá ìyá òun, òun sì ti di ọwọ́ Aláwọ mú.

"Imú mi ti padà sípò," ó ní. "Màá fẹ́ ọ."

"Ṣó dá ọ lójú? Ibo la máa gbé? Kí la máa sọ fún Bàbá?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò mọ ìkankan nínú gbogbo ìyẹn. Màá ṣáà fẹ́ ọ."

Ìyá rẹ̀ wo àwọn méjèèjì, ọwọ́ ṣì wà nímú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí gbogbo fèrèsé ilé, kò sì ní kí ọkùnrin náà jáde.