Ohun tí Bàrákàt Sọ Lórí Rédíò

Ọjọ́ tí fóònù Bàrákàt já bọ́ nínú bọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù tí Irewọlé ti ń tún fóònù ṣe ní òpópónà Rye Lane, nílùú òyìnbó. Bí Irewọlé ṣe ń tú fóònù náà, ó bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Bàrákàt ní òun máa ń ṣèwádìí irú fóònù àti kọ̀ǹpútà táwọn èèyàn máa rà lọ́dún tó ń bọ̀, òun á sì kọ ọ́ fáwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n. Irewọlé rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn tó ra tọdún márùn-ún sẹ́yìn ni oníbàárà tòun.

Ẹ̀rín yẹn ló mú un. Kí oṣù mẹ́jọ tó pé, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Ṣùgbọ́n ọmọ mùsùlùmí ni Bàrákàt, inú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí Irewọlé sí. Lọ́jọ́ kan, ìyá Irewọlé bi Bàrákàt tìfẹ́tìfẹ́ pé ìgbà wo làwọn máa wá rí àwọn òbí rẹ̀. Bàrákàt ní òun ò tíì mọ̀. Lóòótọ́, kò mọ̀. Bó bá ti fẹ́ sọ fún ìyá tirẹ̀, ẹ̀rù á bà á. Bó bá dákẹ́, ojú á tì í.

Ìgbà tó yá, wọ́n pè é sórí rédíò pé kó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ń lọ. Ó ní gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ fóònù pa báyìí tí kò fi ṣeé tú, pé kò sí ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ń tún un ṣe tó máa lò ju ọdún mẹ́ta lọ. Irewọlé gbọ́ ọ lójú àwọn oníbàárà rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, Irewọlé ní òun ti ríṣẹ́ sí Leeds, ìlú mìíràn tó jìnnà.

Ọkàn Bàrákàt dàrú. Ṣé òun lòun lé e ni? Ṣé ó yẹ kóun ti parọ́ ni? Ó ń lọ bá a, bọ́ọ̀sì gbé e kọjá, ìgbà tó dé Kennington ló tó mọ̀ pé òun ti ṣìnà. Nígbà tó fi máa dé, Irewọlé ti ń kó irinṣẹ́ sínú páálí.

"Ohun tó o sọ lórí rédíò, ṣé o gbà á gbọ́?"

"Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó ṣẹ."

Irewọlé jókòó. "Kì í ṣe rédíò ló ń lé mi lọ, olólùfẹ́ mi. O lè sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sí i fún gbogbo ìlú. Mummy mi bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, o ní o ò mọ̀."

Bàrákàt yọ fóònù rẹ̀. Ṣé kó bá a lọ sí Leeds ni, àbí kó bẹ̀ ẹ́ kó dúró? Gbogbo rẹ̀ pò mọ́ ọn lójú. Ohun kan ṣoṣo ló dá a lójú, pé òun ò lè wà láìsí ọkùnrin yìí. Ó pe ìyá rẹ̀ níbẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ tán: orúkọ, iṣẹ́, Leeds, ìjọ.



"Aláṣọ funfun," ni Alhaja, ìyá rẹ̀, wí. "Ṣé ó ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀?"

Bàrákàt wo Irewọlé. Irewọlé mi orí pé òun kì í jẹ ẹ́.

"Wọn kì í jẹ ẹ́ ní ìjọ wọn, Mummy."

Alhaja mí kanlẹ̀. Ó ní òun ò tíì gbà o, bàbá rẹ̀ náà á sọ tiẹ̀, òun ò sì mọ ohun tóun máa wí fáwọn ará mọ́ṣáláṣí. 

"Lọ́jọ́ Sunday," ló wí, "tí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó tẹ̀ lé ọ wá."

Irewọlé ò sọ pé òun ò lọ mọ́. Ó kàn rọra ti páálí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fa Bàrákàt mọ́ra.