Wọn Ò Mú Tùmí Padà Sílé Ọkọ

Ẹni tó bá dé Ìlọrà lọ́dún 1994, tó béèrè Ẹgbẹ́ Dọ́káàsì, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ Òkè Àánú, ọmọdé á fọ̀nà hàn án. Bí ìyàwó kan bá bínú kúrò nílé ọkọ, wọ́n á wọ aṣọ funfun wọn, wọ́n á sì fi orin mú un padà. "Ilé kì í tú ní ìjọ tiwa," ni wọ́n máa ń fi yangàn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú Fẹ́yìsetán, akọrin wọn, padà. Oṣù tó tẹ̀lé e ni ọkọ rẹ̀ lù ú pa.

Ọkọ náà wà látìmọ́lé, ṣùgbọ́n ẹ̀dùn ọkàn kò kúrò nínú ìjọ. Kò sẹ́ni tó lè jókòó sáyè Fẹ́yìsetán. Ìyá Àlàkẹ́, olórí Dọ́káàsì, kò lè dá orin mọ́, nítorí òun ló dárin lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọmọ náà padà. Ohùn rẹ̀ tí wọ́n ń yìn dé Fìdítì ti kú sọ́nà ọ̀fun.

Ọjọ́rú kan, wọ́n wà ní ìpàdé nígbà tí Tùmí, ìyàwó Akínwándé, wọlé. Ojú rẹ̀ kan ti wú dí. Ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú bí ẹni gbé ẹyin.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ó tún ti lù mí. Ó ní ti Fẹ́yìsetán á kéré sí tèmi."

Ìyá àgbà kan ló kọ́kọ́ fọhùn. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ilé ọkọ nilé ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ ká wọṣọ, ká lọ bẹ Akínwándé."

"Ká lọ bẹ ta ni, Mọ̀mí?" Olúyẹ́misí ló dìde, nọ́ọ̀sì tó ń tibí lọ síbi iṣẹ́ ní Ọ̀yọ́ lójoojúmọ́. "Ẹ má bínú sí mi o. Ẹni tó lu ìyàwó ẹ̀, tó tún ń fikú halẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀daràn ni. Ọsibítù là ń kọ́kọ́ lọ. Dókítà á tọ́jú ẹ̀, á sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di àgọ́ ọlọ́pàá. Ibi tọ́wọ́ ọkọ ò ti ní tó o ló gbọ́dọ̀ máa sùn."

"Àwọn èèyàn á ní ìjọ ló tú ilé wọn ká!" ni ìyá àgbà náà wí.

Ìyá Àlàkẹ́ wo àyè Fẹ́yìsetán. Ó dìde.

"Ẹni tó ń lu ìyàwó ló ń túlé. Tùmí, ọ̀dọ̀ mi lo máa sùn. Ẹ wọ aṣọ funfun yín."

Nígbà tí wọ́n jáde, Akínwándé ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá. Mo ti ṣílẹ̀kùn dè yín."

"Ọ̀nà ilé ẹ kọ́ là ń lọ," ni Ìyá Àlàkẹ́ wí. "Yà fún wa."

Ẹ̀rín kú lójú Akínwándé. Ó na ọwọ́ sí Tùmí, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ti yí i ká. Láwàl, aládùúgbò ìjọ tó jẹ́ Mùsùlùmí, ṣílẹ̀kùn mọ́tò akérò rẹ̀. "Ẹ wọlé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ò mọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò mọ mọ́ṣáláṣí."

Ibẹ̀ ni ohùn Ìyá Àlàkẹ́ ti là. Ó dárin, wọ́n gbè é, àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà sì dìde fún wọn bí ìgbà tí ọba ń kọjá. Inú wa dùn sí wọn lọ́jọ́ náà, ó ń dùn títí dòní.

Wọ́n kúrò ní ọsibítù, ó di àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tó gbà wọ́n ti ń múra láti sọ pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Ó gbójú sókè, ó rí aṣọ funfun lọ súà. Ó yáa mú bírò. Ọjọ́ náà ni wọ́n lọ mú Akínwándé.

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí wọ́n bá ń lù ọ́, sọ fún ẹni tó o fọkàn tán, gba ìtọ́jú, kó o sì fẹjọ́ sùn. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olórí ìjọ, àdúrà dára, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbé ẹni náà kúrò nínú ewu. Ẹ má ṣe mú un padà.

Ilé tó tú ṣeé tún kọ́. Fẹ́yìsetán kò ṣeé pè padà.